QGIS tàbí ArcGIS Pro: èwo ni kí ẹ mú fún máàpù tó ń sọ ohun méjì pọ̀?

Ká ní ẹ fẹ́ kí máàpù kan ṣoṣo fi bí èrò ṣe pọ̀ tó ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn, kó sì tún fi iye obìnrin tó mọ̀wé kà níbẹ̀ hàn. Sọ́fítíwíà tí a fi ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà ni QGIS àti ArcGIS Pro. Ọ̀fẹ́ ni QGIS, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. ArcGIS Pro ti iléeṣẹ́ Esri ń gbowó lọ́dọọdún, orí Windows nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọ̀ ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Nínú ArcGIS Pro, ẹ ó yan Bivariate Colors (àwọ̀ fún iye méjì), ẹ ó tọ́ka sí òpó iye méjèèjì, àwọ̀ mẹ́sàn-án (ìpele mẹ́ta fún iye kọ̀ọ̀kan, 3 × 3) á sì jáde pẹ̀lú àlàyé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú QGIS, ẹ̀dà máàpù náà méjì ni ẹ ó ṣe: ẹ fi àwọ̀ aró kun ọ̀kan, àwọ̀ osùn kun èkejì, kí ẹ wá fi Multiply, tó ń da àwọ̀ ẹ̀dà òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, pa wọ́n pọ̀. Ibi tí méjèèjì ti pọ̀ á dúdú bí àlùkò. Àmọ́ bí ẹ kò bá lo àfikún (plugin), ọwọ́ yín lẹ ó fi ya àpótí àlàyé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ọ̀sán kan gbáko ni mo fi yà á nígbà àkọ́kọ́.

Dípò àwọ̀, sọ́fítíwíà méjèèjì ló lè fi àwòrán róbótó tí a gé sí ọ̀nà-ọ̀nà (pie chart) sórí ìlú. Ẹ dán an wò lórí Ọ̀yọ́, tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 33: ní Oríire àti Atisbo, róbótó kan dá dúró lórí ilẹ̀ gbayawu, ní àárín Ìbàdàn, márùn-ún gun ara wọn lórí. Owó kò tún ìyẹn ṣe. Ẹ gé Ìbàdàn sọ́tọ̀, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ sí igun máàpù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní sọ́fítíwíà òun lè fi àwọ̀ da ohun mẹ́ta pọ̀, ẹ má torí rẹ̀ sanwó. Àwọ̀ 27 (3 × 3 × 3) ni yóò dà, kò sì sí ojú tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ béèrè ni ọdún tí iye inú fáìlì náà ti wá, nítorí ìkànìyàn 2006 ṣì ni orísun ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Nàìjíríà.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú máàpù yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló yẹ kó ra ArcGIS Pro. Oníròyìn tó fẹ́ ẹyọ kan, QGIS tó o. Akẹ́kọ̀ọ́ náà, kó kọ́kọ́ lọ béèrè ní ẹ̀ka jọ́gíráfì ilé ìwé rẹ̀, bóyá wọ́n ti sanwó ArcGIS sílẹ̀.