Páálí stroker 383 fún Chevrolet: kíráńkì tó wọ́n ló ń dín owó kù

Oríṣi páálí stroker 383 (àkójọ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ kí písítìn rìn jìnnà sí i) méjì ni wọ́n ń tà fún ẹ́ńjìnnì Chevrolet 350: èyí tí wọ́n bálánsì nínú, tí gbogbo ìwọ̀n wà lára kíráńkì fúnra rẹ̀, àti èyí tí wọ́n bálánsì níta, tí díẹ̀ nínú ìwọ̀n wà lára ohun tí wọ́n dè mọ́ ọn. Ti ìta ni owó rẹ̀ kéré. Ti inú ni àwa fọwọ́ sí, iṣẹ́ bálánsì fúnra rẹ̀ ló sì fà á.

Ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì: kíráńkì (irin tó ń sọ lílọ sókè sódò písítìn di yíyí), kọ́nrọ́ọ̀dù 8 (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráńkì), písítìn 8, ríìngì àti bíárìn. Písítìn á máa rin ínṣì 3.75 dípò 3.48, bí wọ́n bá wá fẹ sílíńdà láti 4.000 dé 4.030, àyè inú sílíńdà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á di ínṣì kúbíìkì 383. Ara Chevrolet 400 ni wọ́n ti mú ínṣì 3.75 náà, ibẹ̀ náà sì ni bálánsì ìta ti wá. Àwọn counterweight, ìyẹn irin ńláńlá tó wà lódìkejì ibi tí kọ́nrọ́ọ̀dù ti di kíráńkì mú, kò wúwo tó, ni ilé iṣẹ́ bá fi ìwọ̀n tó kù sára damper (àgbá tó ń dín gbígbọ̀n kíráńkì kù) níwájú àti fúláìwíìlì (àgbá ńlá tó ń bá kíráńkì yí) lẹ́yìn.

Ìyẹn kò burú fún ọkọ̀ tí a kàn ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi damper 350 sára kíráńkì tí wọ́n bálánsì níta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, bíárìn á sì jẹ. Bọ́lọ́ọ̀kù 350 láti 1986, tí sílì ẹ̀yìn rẹ̀ (ohun tó ń dí òróró lẹ́yìn kíráńkì) jẹ́ ẹyọ kan, tún yàtọ̀: ẹ̀yìn nìkan ni ìwọ̀n àfikún wà, iwájú kò ní. Nítorí náà, ẹ má ra damper tàbí flexplate (àwo irin tó dípò fúláìwíìlì nínú ọkọ̀ gíà aládàáṣe) kí ẹ tó mọ irú èyí tí kíráńkì yín jẹ́.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí pé wọ́n ti bálánsì rẹ̀, ẹ béèrè ìwé. Ìwé gidi á sọ ìwọ̀n písítìn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n orí kékeré àti orí ńlá kọ́nrọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, bobweight tí wọ́n lò, àti àìdọ́gba tó kù níwájú àti lẹ́yìn. Bobweight ni ìwọ̀n tí wọ́n ń dè mọ́ kíráńkì lórí ẹ̀rọ láti dúró fún písítìn àti kọ́nrọ́ọ̀dù. Fún V8 yìí (ẹ́ńjìnnì sílíńdà 8 tó pín sí méjì bíi lẹ́tà V), ohun tó ń yí la ń kà ní kíkún. Ohun tó ń lọ sókè sódò, ìdajì rẹ̀. Kọ́nrọ́ọ̀dù méjì ló wà ní ojú kan, ìdajì ohun méjì sì jẹ́ odindi kan. Ká ní orí ńlá jẹ́ gíráàmù 430, bíárìn 42, òróró 4: ẹ ka orí ńlá àti bíárìn lẹ́ẹ̀mejì, ó di 948. Písítìn 450, pín-ìnnì 125, ríìngì 55, orí kékeré 175, ìyẹn 805. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,753. Bí ẹni tó tà á kò bá lè sọ nọ́ńbà yìí fún yín, ẹ kà á sí pé wọn kò tíì bálánsì rẹ̀.

Ẹ má fojú kéré gíráàmù díẹ̀. Gíráàmù 28 tó jìnnà sí àárín ní ínṣì kan, bí kíráńkì bá ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, á máa fa bíárìn bí ẹrù kílò 29. Ní 3,000, kílò 7 péré ni. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí kò sáré, tó sì ń ba ara rẹ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà eré.

Owó gan-an wà níbi kíráńkì tó fúyẹ́ jù. Láti sọ ọ́ di ti inú, oníṣẹ́ bálánsì á lu ihò sí counterweight, á sì fi irin tungsten dí i, irin tó wúwo ju irin lásán lọ ní ìlọ́po méjì, tó sì wọ́n gan-an. Ihò náà gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ ní gígùn kíráńkì. Bí ó bá kọjú síta, eré lè fà á yọ. Kíráńkì tí wọ́n ṣe fún ti inú, pẹ̀lú kọ́nrọ́ọ̀dù ínṣì 6.0 àti písítìn tó fúyẹ́, sábà máa ń fẹ́ kí a gbẹ́ díẹ̀ kúrò ni. Iye tungsten tí ẹ kò rà lè ju iye tí ẹ fi kún owó kíráńkì lọ.

Ẹ to gbogbo rẹ̀ sínú bọ́lọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó gbé e lọ bálánsì. Bóòtù kọ́nrọ́ọ̀dù máa ń sún mọ́ kámúṣáàfù (irin tó ń ṣí fáàfù) àti etí ìsàlẹ̀ bọ́lọ́ọ̀kù jù; ẹ fi ààyè ínṣì 0.050 sílẹ̀. Bí ẹ bá ha bọ́lọ́ọ̀kù, kò ṣe nǹkan. Bí ẹ bá ha kọ́nrọ́ọ̀dù lẹ́yìn bálánsì, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá gbà á padà, ẹ wọn písítìn 8 fúnra yín. Kí èyí tó wúwo jù má ju èyí tó fúyẹ́ jù lọ ní gíráàmù 1. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ihò òróró, torí ẹ̀rún irin máa ń sá sínú wọn. Kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà: ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ písítìn lọ́la, ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ ló máa wá.