Ìgò mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta lórí ibùsùn: bíà tó ní òun ò ní gluten

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo mu ún. Ìgò mẹ́ta gbáko, tayọ̀tayọ̀ sì ni, torí láti ọdún mẹ́fà tí dókítà ti sọ fún mi pé celiac, àìsàn tí gluten (èròjà kan nínú àlìkámà àtàwọn ọkà bíi rẹ̀) fi máa ń ba ìfun jẹ́, ló ń bá mi fínra, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ò tíì jọ mu bíà rí. Wọ́n á máa mu tiwọn, èmi á jókòó ti omi ọsàn bí ọmọ ilé-ìwé. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe gbé páálí kan wọlé, tó ní, "Ìwọ náà, tìẹ rèé. Wọ́n kọ ọ́ síwájú ìgò gàdàgbà pé kò ní gluten." Mo wò ó. Òótọ́ ni. Lẹ́tà ńlá, aláwọ̀ wúrà. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún.

Kó tó di aago méjì òru, inú mi ti wú bí ìlù. Mo bì, mo yàgbẹ́ gbuuru, orí mi wá dà bíi pé ẹrẹ̀ ni wọ́n rọ sí i. Ọjọ́ Ajé ni mo tó lè dìde dáadáa, ibi tí mo sì kọ́kọ́ lọ ni ìdí garawa ìdọ̀tí, mo fa ìgò òfìfo kan jáde, mo gbé e súnmọ́ iná. Lẹ́yìn ìgò, nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwòrán aboyún tí wọ́n fagi lé, mo rí i, lẹ́tà tí ò tó ẹsẹ̀ eèrà: "Ó ní ọkà báálì nínú."

Ọkà báálì! Ẹni tó bá ní celiac ti mọ ohun mẹ́ta tí kò gbọ́dọ̀ kan ètè rẹ̀: àlìkámà, ọkà ráì, ọkà báálì. Báwo ni iwájú ìgò ṣe máa ní kò sí, tí ẹ̀yìn ìgò á ní ó wà?

Mo kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ wọn. Èsì àkọ́kọ́ ní, "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, inú wa dùn pé ẹ gbádùn ọjà wa." Ta ló gbádùn kí ni? Mo tún kọ. Ẹlòmíràn dáhùn pé bíà àwọn ò kọjá ìwọ̀n tí òfin fọwọ́ sí, ó sì tán síbẹ̀, kò tiẹ̀ kí mi pẹ̀lẹ́. Ẹni kẹta ló wá dá mi lágara: ó fi ẹ̀dínwó ránṣẹ́ kí n fi ra páálí mìíràn. Ejò bù mí ṣán, wọ́n ní kí n wá mú ọmọ ejò ní owó pọ́ọ́kú.

Mo bá pè wọ́n. Mo ti to èébú sẹ́nu kí wọ́n tó gbé e. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, ó ní, "Ẹ káàsán mà." Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó wá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ṣé ara ti yá báyìí?" Lẹ́yìn ímeèlì mẹ́ta, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè. Ó ní kí n ka nọ́ńbà tó wà lọ́rùn ìgò fún òun, mo kà á, ó kà á padà fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n má pa fóònù. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo fi gbọ́ orin dùùrù kan náà. Mo kà á.

Ọkùnrin kan ló bọ́ sórí fóònù, ohùn rẹ̀ rọra, ó ní yàrá àyẹ̀wò níbi tí wọ́n ti ń pọn ọtí náà lòun wà. Ohun tí ọkùnrin yìí sọ fún mi ni mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ó ní ọkà báálì làwọn fi pọn ọ́n lóòótọ́, bí wọ́n ṣe ń pọn bíà yòókù. Àmọ́ wọ́n da ẹ́ńsáìmù kan sí i, èyí tí wọ́n ń rí láti ara èbu tó ń jẹ́ Aspergillus niger, òun ló ń gé gluten inú ọkà náà wẹ́wẹ́. Kí bíà má baà ṣú bó bá tutù ni wọ́n tilẹ̀ ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ní Yúróòpù, bí ohun tó kù kò bá ju mílígíráàmù 20 nínú kílò kan, òfin gbà kí wọ́n kọ ọ́ síwájú ìgò pé kò ní gluten. Ní Amẹ́ríkà, wọn ò gbọ́dọ̀ kọ bẹ́ẹ̀ sára bíà ọkà báálì. Ìgò kan náà, ó sọdá òkun, orúkọ rẹ̀ yí padà.

Mo ní ẹ ṣáà máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Irú àyẹ̀wò kan wà tó dà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ méjì di okùn mú. Bí okùn bá ti já kélekèle, ọwọ́ kan ṣoṣo ló máa rí nǹkan dì mú, á ní kò sí okùn níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí lè ka kélekèle náà, àmọ́ kò lè sọ èyí tó ṣì máa bí ìfun nínú. Òfin tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2020 ò gba irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ gbọ́ fún ohun tí wọ́n ti pọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi pọn ọ́n ni kó jẹ́ aláìní gluten kó tó wọ ìkòkò.

Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo wá bi í pé, "Ká ní àbúrò yín ló ní celiac, ṣé ẹ máa fún un mu?"

Òun náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Rárá mà. Ti ọkà bàbà ni máa fún un."

Àṣé wọ́n ní òmíràn! Ọkà bàbà àti jéró ni wọ́n fi ń pọn ún, ìkòkò rẹ̀ dá wà, ìwúkàrà rẹ̀ ò sì kọjá lára ọkà báálì rí. Ó ní ìbéèrè tí n ó máa bi apọntí yòówù nìyẹn: kí lẹ fi pọn ọ́n, ìwúkàrà yín ńkọ́? Ó tún ní kí n má mu bíà aláìní gluten tó bá ń ti ẹnu ẹ̀rọ wá, torí n kò mọ bíà tó gba inú páìpù náà kọjá lánàá. Kí wọ́n ṣí ìgò lójú mi.

Kó tó pa fóònù, ó ní òun ò lè búra pé bíà àwọn ló dá mi dùbúlẹ̀. Inú bí mi. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, àwo ìpápánu kan wà láàárín wa tí gbogbo wa jọ ń tọwọ́ bọ̀, èmi náà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mi ò kọ ìyẹn sínú ímeèlì. Mo ti fọkàn ṣírò o: bí bíà bá dé orí 20 yẹn gẹ́lẹ́, ìgò mílílítà 330 kan á gbé bíi mílígíráàmù mẹ́fà ààbọ̀ wọlé, mẹ́ta á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20, bẹ́ẹ̀ mílígíráàmù 10 lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń fà ìlà sí fún wa. Ọkùnrin náà ní ìpọn tèmi ò tó ìdajì 20 yẹn. Ó ṣeé ṣe. Inú mi ò mọ ìṣirò.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìgò mẹ́fà ti ọkà bàbà dé sẹ́nu ọ̀nà mi. Ọmọbìnrin yẹn ló fi ránṣẹ́, ó fọwọ́ kọ̀wé lé e: "Ẹ kú ìfaradà mà." Ìfófòó rẹ̀ kì í pẹ́ rárá, kí n tó gbé ife dé ẹnu ó ti lọ. Ó fúyẹ́, ó kan díẹ̀ lẹ́nu, adùn kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mi ò retí. Ìgò kejì ni mo tó gbàgbé pé mò ń tọ́ ọ wò. Mo wá jókòó di aago méjì òru, mo gbọ́wọ́ lé ikùn, mò ń retí. Kò sí nǹkan kan. Oorun ló gbé mi lọ lórí àga.

Ṣùgbọ́n inú tó dákẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí, ìfun ẹlòmíràn nínú wa ń bà jẹ́ láìro ó. Mo mu ún fún oṣù mẹ́rin, ìgò kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, mo lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ láti ṣe àyẹ̀wò tTG, èyí tó ń fi hàn bóyá ara ṣì ń bá gluten jà. Ó wálẹ̀ dáadáa. Dókítà bi mí bóyá mo ti ń mu bíà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní irú èwo, mo fi bíi wákàtí kan ṣàlàyé fún un.

Mo tún rí ìgò àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́tà wúrà rẹ̀ ṣì wà níwájú, ẹsẹ̀ eèrà ṣì wà lẹ́yìn, wọn ò yí nǹkan kan padà. Ìbínú mi ṣì wà níbẹ̀.

Ti ọkà bàbà: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.