Àwo jáàsì àtijọ́ tàbí àtúntẹ̀: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo jáàsì jọ ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni àwo àtijọ́, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí orin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Columbia gbé àwo LP jáde, èyí tó ń yí ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀pọ̀ àwo jáàsì tí àwọn ènìyàn ń wá kiri sì wà láàárín ìgbà náà sí ìparí 1960s. Èkejì ni àtúntẹ̀: orin kan náà, àwòrán páálí kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni.

Ibi tí a dúró sí rèé kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹ má sanwó fún ọjọ́ orí àwo. Ipò tí ojú rẹ̀ wà àti orísun ohùn tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ sanwó fún.

Bí wọ́n ṣe ń dún

Ẹ jẹ́ ká fi àwo Blue Note, ilé iṣẹ́ àwo jáàsì kan ní Amẹ́ríkà, ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Rudy Van Gelder ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn sílẹ̀ ní 1950s àti 1960s, òun náà ló sì gé ohùn náà sára àwo ìpilẹ̀ tí wọ́n fi tẹ ìyókù. Ó mọ irú ẹ̀rọ tó wà nílé àwọn oníbàárà nígbà náà. Abẹ́rẹ́ wọn wúwo, bí ohùn ìsàlẹ̀ bá sì ti jìn jù, fífò ni abẹ́rẹ́ ń fò. Torí náà ni wọ́n ṣe ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, tí wọ́n á sì ti fèrè síwájú. Àwo àtijọ́ tó ṣì mọ́ máa ń gbóná létí: fèrè á wá bá yín lórí àga tí ẹ jókòó sí.

Àtúntẹ̀ tó dára yàtọ̀ sí i. Ọ̀wọ́ Tone Poet tí Blue Note bẹ̀rẹ̀ ní 2019, inú téèpù àkọ́kọ́ gan-an ni Kevin Gray ti ń gé e, láìgba inú kọ̀ǹpútà kọjá. Ohùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n dín kù láyé ọjọ́un ti padà wá, ojú àwo náà sì dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú àwo àtijọ́, ẹ ó gbọ́ pé báàsì ń rìn. Nínú àtúntẹ̀ yìí, ẹ ó gbọ́ ìka tó ń fa okùn rẹ̀. Fèrè tó ń gbáni láyà ni àwọn kan fẹ́, a ò sì bá wọn jà.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí àtúntẹ̀ tó lè dé ibi tí àtijọ́ dé, ẹ rán an létí Kind of Blue ti Miles Davis, tí Columbia gbé jáde ní 1959. Ẹ̀rọ tó gba orin ojú kìíní sílẹ̀ ń falẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá gbé téèpù náà sórí ẹ̀rọ tó ń sáré bó ṣe yẹ, orin yá ju bí wọ́n ṣe lù ú lọ, ohùn rẹ̀ sì ga díẹ̀. Ó di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹni tó ń fọn fèrè tàbí tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì fẹ́ máa fi ohun èlò rẹ̀ tẹ̀lé àwo náà, máa rí i pé ohùn òun àti ti ojú kìíní àtijọ́ kò bára mu. Àtúntẹ̀ tí wọ́n ti ṣàtúnṣe sí nìkan ló máa bá a lọ dọ́gba.

Àtúntẹ̀ kì í ṣe irú kan náà

Ibí ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣòfò. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Yúróòpù, orin tí wọ́n gbé jáde kí 1963 tó wọlé ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní téèpù lọ́wọ́, síídì ni wọ́n sábà máa ń dà sórí àwo. Páálí rẹ̀ á máa dán, wọ́n á lẹ 180 giráàmù mọ́ ọn lójú, ṣùgbọ́n síídì lẹ rà lówó àwo. Giráàmù 180 kò sọ ibi tí ohùn ti wá. Bí àwo ṣe wúwo tó ló ń sọ, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ yí páálí padà, kí ẹ wá orúkọ ẹni tó gé àwo náà àti ibi tó ti gé e. Bí méjèèjì kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀. Classic Vinyl ti Blue Note kò wọ́n tó Tone Poet, páálí rẹ̀ kò nípọn bí tirẹ̀, Jámánì ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Kevin Gray yìí kan náà ló ń gé e. Fún orin ilé iṣẹ́ Impulse àti Verve, ọ̀wọ́ Acoustic Sounds tí Verve bẹ̀rẹ̀ ní 2020 ni kí ẹ wò. Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn tó ń kánjú máa ń fò kọjá: àlòkù Original Jazz Classics, tí ilé iṣẹ́ Fantasy bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1980s. Orin ilé iṣẹ́ Prestige, Riverside àti Contemporary ló wà níbẹ̀. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ibẹ̀ la máa ní kó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó gbà pé àtijọ́ ni

Ẹ fa àwo náà yọ, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú kí ìka má kan ojú. Ẹ gbé e sábẹ́ iná. Láàárín ibi tí ìlà orin parí sí àti bébà àárín, ààyè kan wà tó ń dán tí kò sí orin níbẹ̀. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, iná á fi àmì tó wà níbẹ̀ hàn yín. Lórí Blue Note tó jẹ́ ojúlówó, ẹ ó rí RVG tàbí VAN GELDER, ẹ ó sì rí P kékeré kan tí wọ́n fọwọ́ kọ, tó rí bí etí ènìyàn. Àmì Plastylite nìyẹn, ilé iṣẹ́ tó tẹ àwo fún Blue Note títí di 1966, nígbà tí ilé iṣẹ́ Liberty ti ra Blue Note. RVG láìsí etí, ó lè jẹ́ pé wọ́n lo àwo ìpilẹ̀ Van Gelder lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà Liberty ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn náà lè dún dáadáa, kò kàn yẹ kí ẹ san owó àkọ́tẹ̀ lé e.

Ẹ ka bébà àárín pẹ̀lú. Ti Blue Note, àdírẹ́sì 47 West 63rd ṣáájú èyí tó kọ New York USA nìkan; èyí tó bá dárúkọ Liberty ló dé kẹ́yìn. Ti Columbia, àwòrán ojú ènìyàn mẹ́fà ló wà lára bébà rẹ̀ títí di nǹkan bí 1962, kó tó di ojú méjì. Bí àmì ilà dúdú tí wọ́n fi ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì bá wà lẹ́yìn páálí, àtúntẹ̀ ni, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Bí ẹ bá sì rí “electronically rechanneled” lójú páálí, ẹ sá fún un. Orin olóhùn kan ni wọ́n fi ẹ̀rọ fipá pín sí méjì. Ó lè pé ọgọ́ta ọdún, ohùn inú rẹ̀ á ṣì dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga.

Ipò àwo

Àpá tí èékánná kò kọ́ lè máà dún rárá. Èyí tí èékánná bá kọ́ máa ta pó ní gbogbo ìgbà tí àwo bá yí, ìyẹn ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ohun tó le jù ni èyí tí ojú kò rí. Abẹ́rẹ́ tó ti kú, tó wúwo, tó sì ti rìn lórí àwo fún ọdún púpọ̀, ti jẹ ìlà inú rẹ̀. Àwo bẹ́ẹ̀ lè máa dán bíi tuntun. Orin tó kẹ́yìn lójú kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ní kí wọ́n lù fún yín, torí ibẹ̀ ni ìlà ti ń fún mọ́ra jù, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ ń jẹ. Níbi tí fèrè bá ti ké sókè, bó bá ń han bíi bébà tí wọ́n ń fà ya, ó ti tán nìyẹn. Kò sí omi tí ẹ máa fi fọ̀ ọ́ tí ìlà á fi padà sípò.

Àwọn tó ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń lo lẹ́tà: NM ni bíi tuntun, VG+ ní àpá díẹ̀ tí kò di orin lọ́wọ́, VG ń pariwo níbi tí orin bá rọlẹ̀. G tí wọ́n ń pè ní “dáadáa” kò dáa rárá. Á máa ta bí omi tó kán sínú epo gbígbóná. Jáàsì kì í bo ariwo mọ́lẹ̀ bíi fújì, nítorí náà ẹ má ṣe sọ̀ kalẹ̀ ju VG+ lọ. Àtúntẹ̀ kì í fún yín ní wàhálà yìí, ṣùgbọ́n ẹ ṣí i lọ́jọ́ tó bá dé. Bó bá ká, tàbí tí ihò àárín rẹ̀ kò bọ́ sí àárín gan-an (ohùn dùùrù á máa lọ sókè sódò), ẹ tètè dá a padà.

Rírà níbí, gbígbé e délé

Ní Ìlọrin, àárín ẹrù tí àwọn bàbá fi sílẹ̀ ni àwo àtijọ́ ti sábà máa ń jáde. Ẹ ó bá Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, Haruna Ishola àti I.K. Dairo pàdé kí ẹ tó kan jáàsì kan, bí ẹ bá tilẹ̀ kàn án. Ẹ má ju ìwọ̀nyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lójú tiwa, àwo dàdàkúàdà tó mọ́ níyì ju jáàsì tó ti jẹ lọ. Ogún ni nǹkan yìí, torí náà kí dáwódù ilé mọ̀ sí i kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ pé: “Ẹ kú ilé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ kí n tó sanwó?” Bí ẹ̀rọ kò bá sí nílé, ẹ gbé tiyín dání, tàbí kí ẹ san iye tí ẹ lè gbàgbé.

Àtúntẹ̀, òkè òkun tàbí Èkó ni ó ti ń wá, gáréèjì lẹ ó sì ti gbà á. Oòrùn oṣù kẹta kì í bá àwo ṣeré. Àwo tó wà nínú bọ́ọ̀tù láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ lè ká létí, kò sì sí ẹni tó ń nà án padà dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n fi wébíìlì ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ìdájí, kí wọ́n fi páálí líle ṣe é ní iwájú àti ẹ̀yìn. Kí wọ́n yọ àwo kúrò nínú páálí rẹ̀, kí wọ́n tì í sẹ́yìn páálí náà nínú àpò inú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí àwo á ya páálí bí ọkọ̀ bá ń já sí kòtò.

Nílé, ọyẹ́ ló ń mú eruku wá, òjò ló ń mú èbu wá, ikán kò sì yan ìgbà. Ẹ to àwo ní ìdúró, kí ó jìnnà sí ògiri àti ilẹ̀. Àwo tí ẹ bá tẹ́ léra máa ká. Láti fọ̀ ọ́, omi dísítìlì tí àwọn ríwáyà ń dà sí bátìrì ni kí ẹ rà, èyí tó ṣì wà ní dídé, kí ẹ sì ka ara rẹ̀ dáadáa torí wọ́n ń ta ásíìdì bátìrì náà nítòsí rẹ̀. Lítà 1, ọṣẹ ìfọbọ́ olómi kán mẹ́ta, aṣọ rírọ̀. Ẹ nù ún tẹ̀lé ìlà, ẹ má nù ún kọjá ìlà. Lẹ́yìn náà, omi dísítìlì lásán lẹ ó fi ṣàn án. Omi ẹ̀rọ àti píọ́ wọ́tà máa ń fi ìyọ̀ wọn sílẹ̀ sínú ìlà nígbà tí wọ́n bá gbẹ. Àwo 78 àtijọ́ (èyí tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan), tó ń fọ́ bí àwo ìjẹun, ẹ má fi ọtí líle kàn án láé. Ó ń yọ́ ọ.

Ẹ wo ẹ̀rọ yín náà. Tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, iná 120 fólítì àti 60 hẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ṣe é fún, tiwa jẹ́ 230 àti 50. Tiransfọ́mà máa bá yín yanjú fólítì, kò lè yanjú hẹ́ẹ̀sì. Èyí tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀lé hẹ́ẹ̀sì iná máa yí 27.8 dípò 33⅓, gbogbo saksofóònù á sì dà bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹ béèrè fún èyí tó ń lo mọ́tò DC, tí kì í tẹ̀lé hẹ́ẹ̀sì iná.

Ibi tí a máa ná owó lé

Tone Poet kan máa ń wà ní nǹkan bíi dọ́là 35 sí 40 lókè òkun, láìtíì ka owó ọkọ̀ àti kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwo Hank Mobley ti Blue Note tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1568, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni àkọ́tẹ̀ rẹ̀, ayédèrú sì máa ń tẹ̀lé irú owó bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ tuntun ló ṣáájú, lẹ́yìn náà àtúntẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ti inú téèpù wá.

Owó àtijọ́, orin tó kàn wá ni a máa fi í pamọ́ fún. Drums of Passion tí Babatunde Olatunji ṣe fún Columbia ní 1960 tà lọ́pọ̀ yanturu, torí náà àkọ́tẹ̀ rẹ̀ kò wọ́n bí ẹ ṣe rò. The African Beat tí Art Blakey ṣe fún Blue Note ní 1962 ṣòro jù ú lọ. Àdúrà láti ẹnu ọmọ Yorùbá, Solomon Ilori, ló fi bẹ̀rẹ̀. Ilori fúnra rẹ̀ tún gba African High Life sílẹ̀ fún Blue Note ní 1963, nọ́ńbà 4136. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀kan nínú méjèèjì yìí wá bá yín, kí ẹ tó wo iye tó kọ sí i, ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ wá P tó rí bí etí.