Ọrun Samick Sage: ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó le jù fún yín

Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí bíi kí n kọ èyí, torí ó ti tó ẹni mẹ́ta tó rí fọ́tò àgbọ̀nrín tí mo pa lórí WhatsApp tí wọ́n wá ń bi mí pé irú ọrun wo ni kí àwọn náà rà, gbogbo wọn ló sì kọ́kọ́ ń bèèrè pé èwo ló lágbára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lèmi ti bẹ̀rẹ̀, owó mi sì bá a lọ.

Columbus ní Ohio ni mò ń gbé. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi ní Ṣakí, ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n ń lò nígbà tí mo gbọ́njú, àmọ́ ọrun kan wà lára ògiri yàrá wọn tó jẹ́ ti bàbá tiwọn, ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ní Ohio níbí, èèyàn lè fi ọrun dọdẹ àgbọ̀nrín láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kejì, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún àwọn oníbọn, ọkàn mi lọ síbẹ̀ tààrà. Mo ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ tí ìjọba ní ká ṣe, mo gba láísẹ́ǹsì, mo gba pámíìtì àgbọ̀nrín, ó wá ku ọrun.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ wọ̀, ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ wo èjìká mi, ó ní ẹni tó síngbọnlẹ̀ báyìí, ọrun 55 pọ́n-ùn ló tọ́ sí i, pọ́n-ùn yẹn ni bí ọrun ṣe le tó láti fà. Kò wọn apá mi, kò bi mí bóyá mo ti ta ọfà rí. Ọrun yẹn rẹwà o, igi kan ṣoṣo láìní oríkèé, ó ń dán. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì, orí mi wú, mo sanwó. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì mi ò lè gbé apá ọ̀tún mi sókè fi wọ ẹ̀wù, ọfà mi ń lọ síbi tó wù ú torí pé bí mo bá ṣe ń fà á ni mo ti ń yára jù ú sílẹ̀ kí ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí mo gbé e padà, wọ́n ní àwọn kì í gba ọjà tí èèyàn ti lò. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, torí ìbéèrè méjì péré ni ì bá gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tí ò yé mi nígbà yẹn nìyí. Àwọn ọrun compound onírọ́là tí ẹ ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ òyìnbó, tí ẹ bá ti fà á dópin, ó máa fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ lè dì í mú kí ẹ máa wo ẹran. Recurve, ìyẹn ọrun aláìnírọ́là tí orí ẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ ṣe ń fà á ló ń le sí i, ibi tó ti le jù gan-an lẹ sì gbọ́dọ̀ dúró sí kí ẹ fojú sun ẹran. Nítorí náà ẹni tó ń fa 60 pọ́n-ùn lórí compound lè máa gbọ̀n lórí recurve tí ò ju 45 lọ, kì í ṣe pé kò lágbára.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Ìlọrin tó wà ní Cleveland, ló wá ní kí n lọ ra Samick Sage. Ilé iṣẹ́ ará Kòríà ni Samick, ẹ sì mọ̀ pé àwọn ará Kòríà ò fi ọfà ṣeré, láti 1988 ni ẹgbẹ́ obìnrin wọn ti ń gba góòlù Olympic títí dé ti Paris 2024, ẹnikẹ́ni ò tíì gbà á lọ́wọ́ wọn. Sage kì í ṣe ọrun Olympic o, recurve onígi ni, gígùn ẹ̀ jẹ́ 62 ínṣì, kò tó 150 dọ́là nígbà tí mo rà á. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ ni pé ó ṣe é tú sí mẹ́ta: igi àárín tí a ń dì mú, pẹ̀lú apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ tí a fi nọ́ọ̀tì mọ́ ọn, ọwọ́ lásán lèmi fi ń yí i. Apá yẹn wà láti 25 pọ́n-ùn dé 60, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń lọ sókè, ẹ sì lè rà á lọ́tọ̀ láìra ọrun tuntun. Èmi fi 30 bẹ̀rẹ̀. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń ta 30 yẹn lẹ́yìnkùlé ọ̀rẹ́ mi, ìgbà tí ọfà mẹ́fà ti ń wọ inú ibi tó tó àwo ìjẹun láti 15 yáàdì ni mo tó ra apá 40.

Ẹ wọn ara yín kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹ na apá méjèèjì bí àgbélébùú, kí ẹnì kan wọ̀n ọ́n láti orí ìka kan dé ìkejì, kẹ́ ẹ wá fi 2.5 pín in. Tèmi jẹ́ 70 ínṣì, ó fún mi ní 28. Ó sì ṣe pàtàkì torí pé nọ́ńbà pọ́n-ùn tí wọ́n kọ sára ọrun, ibi 28 ínṣì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ìyàwó mi ò fà ju 26 lọ, ọrun 40 yẹn ò ju bíi 35 sí 36 lọ́wọ́ ẹ̀, Ohio sì ní ọrun tí a máa fi pa àgbọ̀nrín ò gbọdọ̀ dín sí 40, ìyẹn ni pé 45 lẹni bíi tiẹ̀ máa rà tó bá fẹ́ wọgbó. Ẹni tó bá ga gan-an tó ń fà kọjá 29, Sage ti kúrú jù fún un, kó wá ọrun 64 tàbí 66 ínṣì.

Ojú náà ńkọ́? Ẹ la ojú méjèèjì, kẹ́ ẹ na àtàǹpàkò sí nǹkan tó jìnnà, kẹ́ ẹ wá máa pa wọ́n dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tí nǹkan yẹn ò bá yẹ̀ nínú ẹ̀ ló ń darí yín, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ sì máa ra ọrun sí bẹ́ẹ̀ bá ṣe lè ṣe é.

Ẹ tún ra okùn tí wọ́n fi ń gbé ọsán wọ ọrun, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó fi wọ̀ ọ́, apá ọrun á lọ́, tó bá lọ́ ó tán. Ẹ má fà á kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà lórí ẹ̀. Mo máa ń fi ìda pa ọsán tèmi, tí fọ́nrán ẹ̀ bá sì ti ń hù bí irun mo ti ń pààrọ̀ ẹ̀, ṣebí ọsán já ọrun dọ̀pá làwọn àgbà wí, inú igbó sì kọ́ ló yẹ kó ti já mọ́ni lọ́wọ́.

Ọfà tí mo ń lò, kábọ̀n ni, líle ẹ̀ jẹ́ 500, òun àti ẹnu ẹ̀ wọn díẹ̀ ju 400 grain lọ, grain ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn bí ọfà ṣe wúwo tó. Fún ọrun 40, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 400 grain tó bá jẹ́ ẹran lẹ fẹ́ fi pa, ọfà fífúyẹ́ ń yára àmọ́ kì í wọlé. Ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú débi pé ó lè fá irun apá.

Lọ́dún yẹn àgbọ̀nrín kan dúró síwájú mi ní nǹkan bíi 30 yáàdì, akọ ńlá, mi ò ta á. Ọrun 40 ò yẹ fún ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi náà ò sì tíì yẹ fún un, mi ò fẹ́ kí ẹran gbé ọfà mi sá lọ kú síbi tí mi ò ní rí i. Àwọn ará wa ní Brazil tó ń bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, ọlọ́fà kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣì ń pe irinṣẹ́ ẹ̀ ní ọfà títí dòní, orúkọ yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn lórí igi níbi tí mo jókòó sí. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ẹ̀, abo kan kọjá ní 14 yáàdì, ó yíhà sí mi. Ọfà kan ni. Kò rìn jìnnà.

Apá 30 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ò sí nílẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin mi ti gbà á, mo ra igi àárín kan fún òun náà.