Jígí píńkì FL-41 fún ojú tí kò gba iná: ohun tí èmi télọ̀ rí nípa ẹ̀

Kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má lọ rò pé wọ́n san owó fún mi: jígí yìí dáa, tó bá bàjẹ́ lónìí màá tún òmíì rà, àmọ́ abẹ́ òrùlé ló ti wúlò. Ẹni tó bá fẹ́ fi í kojú oòrùn ọ̀sán Àkúrẹ́ ti fowó ṣòfò nìyẹn.

Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ó ti pẹ́ tí túúlu ti ń bá mi jà, orí á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì lápá kan, èébì á máa gbé mi, iná lásán á di ọ̀tá. Kódà lọ́jọ́ tí orí ò fọ́ mi, ojú mi kì í gba iná tó mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ wá wo irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, gílóòbù funfun lókè, iná kékeré lára máṣíìnì, léèsì funfun rẹpẹtẹ lórí tábìlì, òkúta ara léèsì ń kọ mànà, tí NEPA bá sì mú iná wá tí ò lágbára, túùbù gígùn tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù á máa ṣẹ́jú títí mi ò fi ní mọ ibi tí mo ń rán mọ́. Tí ọjọ́ ìnáwó bá ti sún mọ́lé tí aṣọ ẹbí kún ilẹ̀, ta ló fẹ́ gbọ́ pé télọ̀ ti lọ dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn?

Dókítà ojú tí mo lọ bá ní Alágbàká yẹ ojú mi wò fínnífínní kó tó dárúkọ jígí rárá, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó ní kí iná máa dun èèyàn lójú, nǹkan tó lè fà á pọ̀: ojú gbígbẹ, egbò lára ẹyinjú, kí inú ojú wú, kí èèyàn jẹ́ àfín náà wà lára ẹ̀, ti èmi wá jẹ́ túúlu. Ó ní tó bá jẹ́ pé òjijì ló bẹ̀rẹ̀, tí ojú pọ́n tó sì ń dùn, tàbí tí ibà mú èèyàn tí ọrùn tún le gan, kí onítọ̀hún má wá jígí kankan, ọsibítù ni kó sáré gbà lọ. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra dúrọ́ọ̀pù ojú ní kẹ́mísì láìjẹ́ kí dókítà wo ojú yín, ẹ rọra o, èyí tó ní steroid (òògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀) nínú lè ba ojú jẹ́ pátápátá.)

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ni pé ẹ̀yìn ojú wa láwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, kí ara lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí ilẹ̀ ti ṣú. Ìmọ́lẹ̀ tó ní búlúù nínú, níbi 480 nanometer (òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), ló máa ń ru wọ́n sókè jù, wọ́n á sì ránṣẹ́ lọ síbi tí orí fífọ́ ń gbà nínú ọpọlọ. Ó ní àwọn afọ́jú kan wà tí wọn ò rí àwòrán nǹkan kankan mọ́, síbẹ̀ tí túúlu bá mú wọn ìmọ́lẹ̀ ṣì ń mú un le sí i. Ẹnu yà mí. FL-41 yìí, búlúù àti búlúù tó ń fà sí àwọ̀ ewé ló ń dín kù, ó ń jẹ́ kí ìyókù kọjá, òun ló jẹ́ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ báyẹn. Nígbà tí mo délé mo lọ tú Google, mo rí i pé Birmingham ní England ló ti ṣẹ̀ wá, torí iná túùbù ni wọ́n ṣe gbé e jáde, pé ní 1991 wọ́n kọ àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọdé tó ní túúlu, àwọn tó lo jígí yìí fún oṣù mẹ́rin, ìgbà tí orí ń fọ́ wọn já wálẹ̀ láti nǹkan bíi 6 lóṣù sí ohun tí ò tó 2. Àwọn ọmọ náà ò pọ̀ o, ẹ má torí ẹ̀ rò pé àwúre ni.

Ní tèmi, túúlu ò lọ. Ó ṣì ń wá, pàápàá tí mi ò bá jẹun lásìkò tàbí mo fi òru rán aṣọ. Ohun tó dín kù ni ti ìrọ̀lẹ́, tí ojú á máa ro mí, tí mo máa ń fi ọwọ́ bò ó bíi ẹni tó ń sunkún kí n tó lè ti ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo lè jókòó sídìí máṣíìnì báyìí láti àárọ̀ kí iná sì wà lókè.

Àmọ́ ẹ̀yin télọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe mékọ́ọ̀pù, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹ ò lè fi jígí yìí yan àwọ̀! Funfun á pọ́n díẹ̀, ìyẹn ò burú, ojú á mọ́ ọn lára. Tíìlì ni wàhálà ẹ̀, àti mint, ńṣe ni wọ́n á ṣú bíi pé eérú wà lórí wọn, navy àti dúdú á wá di ọmọ ìyá kan náà. Ọmọṣẹ́ mi ló ń bá mi yan òwú, àbí kí n yọ jígí kí n gbé aṣọ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kọ́sítọ́mà mi kan ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé kóun máa mú ẹlẹ́rìí wá tóun bá ń bọ̀. Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, 4 nínú 5 ni, òwú ló jẹ ìkan tó kù.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ. Tẹ́ ẹ bá wọ jígí dúdú kí àgbà nílùú yìí, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ, pé ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́, ó bojú ń kí èèyàn. Ìyá mi ò lè gba irú ẹ̀ láyé. Jígí píńkì yìí mọ́, wọ́n ń rí ẹyinjú mi nígbà tí mo bá kúnlẹ̀, kò sí ìjà. Dókítà náà ò tiẹ̀ fẹ́ ká máa wọ jígí dúdú nínú ilé, ó ní òkùnkùn á mọ́ ojú lára, ìmọ́lẹ̀ kékeré á wá máa ta á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tó bá wá kan ìta, ẹ gbàgbé píńkì. Oòrùn tó bá lu páànù tuntun tó tún ta padà sójú èèyàn, tàbí orí òkè Ìdànrè lọ́sàn-án gangan, ó ju agbára ẹ̀ lọ. Photo-AR, jígí tó ń dúdú fúnra ẹ̀ tí oòrùn bá kàn án, ni mo ní fún ìyẹn, tí mo bá wà lórí ọ̀kadà tàbí nínú kẹ̀kẹ́ ó ń dúdú dáadáa, àmọ́ nínú mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ dúdú torí UV inú oòrùn, ìtànṣán tí ojú ò lè rí, ló ń yí i padà, gíláàsì iwájú mọ́tò sì ti dí UV náà lọ́nà. Ooru náà tún ń dà á láàmú, láàárọ̀ ọyẹ́ ó máa ń dúdú ju ti ọ̀sán oṣù kẹta lọ, ẹ ò rí i pé ìgbà tá a nílò ẹ̀ jù ló ń ṣọ̀lẹ. Ọkọ mi tó ń wakọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ fẹ́ràn polarized tiẹ̀, jígí tó ń dí iná tó ń ta padà láti ilẹ̀, ó ní ó ń pa dídán tó wà lórí títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ìyọnu kan ṣoṣo ibẹ̀ ni pé tó bá dorí POS kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ojú POS náà á dúdú kirikiri. Lóru ẹ má wọ èyíkéyìí nínú wọn wakọ̀ o, bí àwọn oní-tírélà bá tiẹ̀ ń tan fúúlù sí yín lójú. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rà fún oòrùn, ẹ wo UV400 lára ẹ̀, ìyẹn àmì pé ó ń dí UV, dúdú jígí nìkan kì í ṣe ààbò.

Ọmọṣẹ́ mi kan jẹ́ àfín, ó ní kóun gbìyànjú píńkì yìí wò. Nínú ṣọ́ọ̀bù ó ní ó tù òun lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi dá a padà fún mi, ó ní féésì káàpù òun àti jígí dúdú òun tó láti fi dé ìta. Ti oníkálùkù ọ̀tọ̀ ni.

Kí n tó gbàgbé, gílóòbù: èyí tí wọ́n kọ 6500K (nọ́ńbà àwọ̀ iná ẹ̀) sára páálí ẹ̀ ni gbogbo ọjà ń tà, òun ló funfun ta ojú yẹn. Ẹ wá 3000K tàbí 2700K, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, búlúù inú ẹ̀ kéré. Mo ti pààrọ̀ ti yàrá, ti ṣọ́ọ̀bù ló kù torí àwọn kọ́sítọ́mà ń rojọ́ pé aṣọ ò hàn dáadáa.

Ti rírà ẹ̀ wàyí. ₦72,000 ni mo san, férémù àti lẹ́ńsì pọ̀, Èkó ni lẹ́ńsì ti wá, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ ti kọ́kọ́ gbé píńkì lásán fún mi, ti ṣàkàrà ni, wọ́n kàn rẹ ẹ́ láró, iná ń gba inú ẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú, wọ́n wá ń bá mi jiyàn pé ìkan náà ni gbogbo píńkì. Kì í ṣe ìkan náà. Ẹ ní kí wọ́n fi bébà tó ń ṣàfihàn apá ìmọ́lẹ̀ tí lẹ́ńsì náà ń dín kù hàn yín, kẹ́ ẹ sì mú férémù tó fẹ̀, tí apá ẹ̀ nípọn, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ń dùn tó ti iwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo jígí ìkàwé, wọ́n lè fi nọ́ńbà yín sínú ẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sanwó tán kẹ́ ẹ tó rí bébà, ẹ gba ṣọ́ọ̀bù míì lọ.