Jerkbait tàbí Lipless: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Báàsì Nígbà Tí Fẹ́búárì Bá Ń Ṣe Ségesège?

Fẹ́búárì ní Texas kì í ní ìwà kan. Lọ́sẹ̀ yìí, ṣòkòtò péńpé ni èèyàn ń wọ̀ lọ sétí adágún. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, afẹ́fẹ́ àríwá á dé, omi inú páìpù á dì gbagidi. Lọ́dún 2021, òtútù já wálẹ̀ dé dígírì 2 nísàlẹ̀ òdo ní Dallas. (Ìwọ̀n Fahrenheit la ó máa lò títí dé òpin.) Fún ẹ̀yin ará wa ní Houston àti Dallas tí ẹ fẹ́ fi ìwọ̀ dẹ ẹja báàsì ní adágún Sam Rayburn, Conroe tàbí Lake Fork kí Máàṣì tó wọlé, ìdẹ méjì ló sábà máa ń fa àríyànjiyàn níwájú pẹpẹ ọlọ́jà: jerkbait aláìléfòó-aláìrì, ìdẹ gbọọrọ tó dà bí ẹja, tí a ń já tí a sì ń dá dúró, àti lipless, pẹlẹbẹ tó ń dún ṣaworo nínú omi.

Ibi tí lipless ti lágbára

Bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin bá móoru léra wọn, etí adágún tó wà lápá àríwá ló ń kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí oòrùn ń kọjú sí i, afẹ́fẹ́ òtútù kò sì rí i bá jà. Tí omi ibẹ̀ bá ti gòkè láti 50 dé 55, báàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wá sórí hydrilla, koríko tó ń hù nínú omi, wọ́n ń múra àtiyé ẹyin. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ìdẹ tó ń tètè wá ẹja rí bíi lipless. Èyí tó wọn gíráàmù 14 á fò jìnnà kódà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kó kan orí koríko. Bó bá há, ẹ fi ọrùn ọwọ́ já a gbà lójijì. Bó ṣe ń já kúrò lára koríko yẹn gan-an ni báàsì ń gbé e. Àwọ̀ pupa bíi ti edé odò ni wọ́n máa ń lò jù ní Sam Rayburn lásìkò yìí, wọn ò sì ṣì í lò.

Bí òjò bá ti da omi rú, tí ẹ kò lè rí ìdẹ yín mọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sísàlẹ̀, ẹ gbé jerkbait pa mọ́. Ojú ni báàsì fi ń wá a. Lipless ní ariwo tó ń ké sí ẹja.

Dídúró lójú kan

Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà, ibí yìí náà lowó ń bá lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí òtútù bá wọlé, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, báàsì á sì rọra lẹ̀ mọ́ ibi tó bá wà. Ara rẹ̀ tutù bí omi ṣe tutù, oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀, kò sì ní í sáré lé ohunkóhun. Ohun tó bá dúró sí i lójú nìkan ló máa gbé. Lipless kò lè dúró: bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ti rì wọ inú koríko tàbí abẹ́ igi. Àwọn kan máa ń gbé e sókè, wọ́n á tún jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ó sì ń pa ẹja lóòótọ́, àmọ́ níbi tí kùkùté igi bá pọ̀ sí, ìsàlẹ̀ adágún ni ìdẹ ń gbé.

Ti jerkbait yàtọ̀. Ṣáàdì, ẹja wẹ́wẹ́ tí báàsì ń jẹ, kì í sábà lè fara da omi tó bá lọ sísàlẹ̀ 45. Á gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, á dúró, á tún gbọ̀n, títí á fi kú. Ìṣesí yẹn ni jerkbait ń ṣe, bó bá dúró lóòótọ́.

Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́ láìdán an wò. Omi tútù wúwo ju omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ: láti 68 sí 41, ìyàtọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 2 nínú 1,000. Fún ìdẹ gíráàmù 14, ìyẹn kò ju gíráàmù 0.03 lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ìdẹ tó dúró jẹ́ẹ́ ní Ọ̀tóbà máa léfòó díẹ̀díẹ̀ ní Fẹ́búárì. Báàsì tí òtútù ti mú kò ní í tẹ̀ lé e gòkè. Irú èyí tó kéré lówó, tí wọn kò fara balẹ̀ ṣe, burú jù: méjì inú páálí kan náà, ọ̀kan á rì, ìkejì á léfòó.

Ẹ po yìnyín mọ́ omi nínú garawa títí tẹmọ́mítà á fi kà 45. Ẹ so ìdẹ mọ́ okùn tí ẹ máa lò gan-an, kí ìwọ̀ rẹ̀ gbogbo wà lára rẹ̀, ẹ rì í, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá yára gòkè, ẹ lẹ òjé pẹlẹbẹ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn mọ́ abẹ́ ikùn rẹ̀, nítòsí ìwọ̀ iwájú, díẹ̀díẹ̀, títí imú á fi rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìrù lọ. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ìrù á máa rì ṣáájú, ẹja gidi kì í sì í lúwẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi spírítì nu ibẹ̀ kó gbẹ, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ nínú ilé. Gọ́ọ̀mù kì í mú nínú òtútù. Ẹ tún lè pààrọ̀ ìwọ̀ iwájú sí èyí tó tóbi díẹ̀ sí i.

Okùn náà ń sọ̀rọ̀. Okùn fluorocarbon tó lè gbé páùn 10 máa ń rì, kì í fa imú ìdẹ sókè. Braid, okùn tí wọ́n hun, ń léfòó, ó sì ń bá iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe ní garawa jẹ́. Èyí tó nípọn jù kì í jẹ́ kó wọlẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6 tó yẹ.

Ẹ kọ orí ọ̀pá sísàlẹ̀, ẹ já a lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ dẹ okùn. Bí omi bá wà ní 45, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30. Ní 50, bíi 10. Bó bá kọjá 55, 2 tàbí 3 tó. Ẹ máa wo okùn, torí ìgbà tó dúró yẹn ni wọ́n ń gbé e, ọwọ́ sì lè má mọ̀.

Ìyókù

Ìwúwo lipless ló ń jẹ́ kí báàsì tó fò tó mi orí bọ́. Ọ̀pá tó rọ̀ níwájú ń dín in kù.

Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó wà lára jerkbait sábà máa ń tó mẹ́ta, ó sì ń dá ọgbẹ́ sí ẹja lára. Ní Lake Fork, níbi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ dá báàsì tó wà láàárín ínǹṣì 16 sí 24 padà, ẹ tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ mọ́lẹ̀.

Owó: lipless dáadáa kì í sábà ju dọ́là 10 lọ. Jerkbait sábà máa ń wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Megabass Vision 110 tó bíi 25.

Èwo ni kí ẹ rà?

Kálukú ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ dọ́là 40 ló wà lápò, ẹ ra jerkbait méjì olówó àárín, ọ̀kan aláwọ̀ ṣáàdì fún omi tó mọ́, ọ̀kan funfun fún ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo oòrùn, kí ẹ fi òjé pẹlẹbẹ páálí kan kún un. Lipless pupa kan á gba owó tó ṣẹ́ kù. Kò sì ní kánjú: ó wà nílé ìtajà nígbàkígbà tí omi bá ti lo ọjọ́ mẹ́ta lókè 55.