Ilé àyẹ̀wò omi kan ní Iléṣà

Nítorí iṣẹ́ wíwa góòlù tó ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó sì ti sọ omi odò Ọ̀ṣun di pípọ́n rúsúrúsú, mo gbé omi kànga wa lọ sí ilé àyẹ̀wò kan ní Iléṣà, kí wọ́n bá mi wo òjé, kádímíọ̀mù àti áséníìkì, àwọn èròjà olóró, inú rẹ̀. Arábìnrin tó dá mi lóhùn kò gba ike tí mo mú wá. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ló wí, ó sì fún mi ní ìgò tuntun tí wọ́n ti kán ásíìdì díẹ̀ sí, kí òjé má bàa lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ìfarabalẹ̀ yìí wù mí gan-an.

Lọ́dún 2023, American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn èròjà mẹ́ta wọ̀nyí, kódà bí wọn ò bá pọ̀ lára, ní í ṣe pẹ̀lú àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń ba ara inú iṣan náà jẹ́, wọ́n sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, bẹ́ẹ̀ ni òjé a máa sá pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá mi sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Èsì tí wọ́n ṣèlérí fún ọjọ́ 5 gba ọjọ́ 16. Wọn ò tilẹ̀ kọ ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ sí i, ìyẹn máíkírógíráàmù 10 òjé nínú lítà omi kan. Àfi ìgbà tí mo béèrè. Tiwa jẹ́ 4. Bí òjò bá rọ̀ tán, n óò tún gbé omi kànga náà lọ fún àyẹ̀wò.